Ara ewé wo lẹ ti rí i?

Ìyá kan gbé ìdin kan wá bá mi ní Kàbbà, nínú ike ìpara. “Okun o, ọmọ mi. Kí là ń pe eléyìí?”

“Okun, mà. Ara ewé wo lẹ ti rí i?”

Wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ wo ewé, àwọn ṣáà fi igi ṣà á sínú ike ni.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwa tí à ń dá ìdin mọ̀ ti ń le. Ọ̀pọ̀ ìdin labalábá ò mọ̀ ju ewé kan àti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Ebi á pa á kú láàárín ẹ̀fọ́ tútù tí kì í bá ṣe ewé tí ìyá rẹ̀ yé e sí. Àwọ̀ ara nìkan sì ń tan ni jẹ. Ìdin ara ọsàn, bó bá kéré, ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, dúdú òun funfun. Bó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé. Ti ìyá yìí ti dàgbà. Mo fi igi broom tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn orí, ló bá yọ ìwo méjì tó pọ́n bí epo, òórùn gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá sá sẹ́yìn. “Haà! Ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi ni o!”

Èyí tó ní ilà dúdú, funfun àti yẹ́lò, tí okùn dúdú mẹ́fà yọ lára rẹ̀, ẹ wá a lórí bomubomu, ewé tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Oje olóró ibẹ̀ ló ń kó sára, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ kì í fi í jẹ ẹ́. Ẹ má pa á, kò bá oko jà.

Ìdin ara àgbàdo ni kẹ́ ẹ pa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, òun ò sì yan ewé: ó ń jẹ ọkà bàbà àti ìrẹsì náà. Ẹ la ọ̀mùnú àgbàdo láàárọ̀; ìgbẹ́ bíi lẹ́búlẹ́bú pákó á wà níbẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ní àmì Y tó dorí kodò, àmì dúdú mẹ́rin sì pé igun mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀.

Kànní, ìdin orí igi òrí tí à ń jẹ, ńkọ́? Ìyẹn ti mọ ojú ìkòkò.

Bí ò bá yé yín, ẹ fi í sínú ike tí ẹ lu ihò sí lórí, pẹ̀lú ewé tí ẹ bá a lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ewé náà lójoojúmọ́. Ohun tó bá fò jáde ni yóò sọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, kì í ṣe labalábá ló ń jáde, agbọ́n wíńníwínní ni: wọ́n ti jẹ ẹ́ tán láti inú.