Bí Àwòrán Inú Ojú Ṣe Di Ọ̀nà Láti Fura sí Àìsàn Ìgbàgbé

Ojú òkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé àìsàn ìgbàgbé máa ń ba ojú náà jẹ́. Lọ́dún 1986, David Hinton, Alfredo Sadun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Los Angeles kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine pé àwọn yẹ okùn iṣan ojú èèyàn mẹ́wàá tí àrùn Alzheimer, ọ̀kan lára àìsàn ìgbàgbé, ń bá jà kí wọ́n tó kú wò lábẹ́ maikiroskóòpù. Nínú mẹ́jọ lára wọn, fọ́nrán inú okùn náà ti bàjẹ́ káàkiri. Kó tó dìgbà yẹn, bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá nawọ́ sí ife tí ọwọ́ rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹ̀yìn ọpọlọ ni àwọn dókítà máa ń dá lẹ́bi. Wọn kì í ka ojú fúnra rẹ̀ mọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò yẹ kó yani lẹ́nu. Rẹ́tínà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú, ara ọpọlọ ló ti hù jáde nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Fọ́nrán bíi mílíọ̀nù kan ló ti ara rẹ̀ kóra jọ di okùn kan tó wọ inú ọpọlọ lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú níbẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ á bá a lọ, ìpele tí àwọn fọ́nrán náà tẹ́ sí á sì fẹ́lẹ́ sí i. Ibẹ̀ nìkan sì ni apá ọpọlọ tí èèyàn lè fojú rí láì la agbárí.

Fífojú rí i ti pẹ́. Ní 1851 ni Hermann von Helmholtz, ní Königsberg, ṣàlàyé ẹ̀rọ tó fi ń wo inú ojú: ó gbé gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, iná fìtílà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ta lára gíláàsì náà wọ ojú aláìsàn, òun náà sì ń yọjú wò láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wíwò, ọ̀tọ̀ ni wíwọ̀n. Dókítà tó mọṣẹ́ lè rí ẹ̀jẹ̀ tó tú síbẹ̀ tàbí orí okùn iṣan tó wú. Kò lè fojú mọ̀ pé ìpele fọ́nrán tó nípọn tó 100 máíkírónì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ti di 93. Irú àdínkù kékeré bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ọdún 1991 ni ohun èlò ìwọ̀n dé, nígbà tí David Huang, James Fujimoto àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní MIT gbé OCT, ẹ̀rọ tó ń wọn ìpele inú ojú, jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ṣe ń lo ìró tó padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni OCT ń lo ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ kò sí aago tó lè ká eré ìmọ́lẹ̀ ní irú ibi tóóró bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ náà pín in sí méjì: ọ̀kan wọ inú ojú, ìkejì lọ kan dígí tí wọ́n mọ bó ṣe jìnnà tó. Tí méjèèjì bá padà pàdé, ibi tí wọ́n ti bára mu ló ń sọ jíjìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Zeiss gbé e wọ ọjà ní 1996. Àwọn ti àkọ́kọ́ ò yára: kódà èyí tó gbayì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 kò ju ìlà 400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á sì ti mì kó tó parí. Láti bíi 2006 ni àwọn tó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìlà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti gbòde.

Ní 2001, Vincenzo Parisi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi OCT wọn ojú àwọn aláìsàn Alzheimer tó wà láàyè, wọ́n sì rí i pé ìpele fọ́nrán wọn fẹ́lẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ara wọn dá ṣáṣá. Àwọn mìíràn tún un ṣe. Àwọn kan rí ohun kan náà, àwọn kan ò rí i.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ náà á mọ ìdí. Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé ìtìlẹ̀, á fi iwájú orí ti ọ̀pá tó wà lókè, á tẹjú mọ́ àmì kékeré tó ń tàn nínú, kò sì ní ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kò dunni, nǹkan kan ò sì kan ojú. Kọ̀ǹpútà á fa òbìrí kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.46 mìlímítà yí orí okùn iṣan ká, á wọn ìnípọn rẹ̀ yíká, á wá kùn ún: àwọ̀ ewé bó bá bá ti ọ̀pọ̀ èèyàn mu, yẹ́lò bó bá bọ́ sáàárín ìdá márùn-ún tó fẹ́lẹ́ jù nínú ọgọ́rùn-ún, pupa bó bá jẹ́ ìdá kan. Bí òbìrí náà bá yẹ̀ sápá kan, apá tó sún mọ́ orí okùn á nípọn lẹ́tàn, òdìkejì á fẹ́lẹ́ lẹ́tàn. Ojú tó gbẹ tàbí tí kátárákítì ti bo máa ń mú àwòrán ṣú. Bí agbára àmì àwòrán náà kò bá pé 6 nínú 10, ẹ dà á nù, torí ìpele á dà bí ẹni fẹ́lẹ́ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán gùn ju ti ẹlòmíì lọ, ìyẹn náà sì ń da ìwọ̀n rú. Ẹ̀rọ náà kì í tọrọ àforíjì. Nọ́ńbà ló máa tẹ̀ jáde.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú kan ni àwòrán tí wọ́n yà fún nǹkan mìíràn tí wọ́n sì tọ́jú pa mọ́. Ní 2018, àwọn olùwádìí yẹ ojú 32,038 èèyàn wò nínú UK Biobank, àkójọ ìsọfúnni ìlera àwọn ará Britain, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tó ní àrùn ojú tàbí ìtọ̀ ṣúgà kúrò. Àwọn tí ìpele wọn fẹ́lẹ́ jù ló ṣeé ṣe kí ìdánwò ọpọlọ wọn lọ sílẹ̀ ní bí ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lọ́dún kan náà, ìwádìí Rotterdam ní Netherlands rí i pé ìpele fífẹ́lẹ́ ń ṣáájú àìsàn ìgbàgbé. Ilé ìwòsàn ojú Moorfields ní London wá so àwòrán ojú àwọn aláìsàn 353,157 pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wọn, wọ́n sọ ọ́ ní AlzEye. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní 2023 pé àmì àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ara gbọ̀n, hàn nínú ojú ní ìpíndọ́gba ọdún méje ṣáájú kí dókítà tó dá a mọ̀.

Ní Scotland, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú láti 2006, wọ́n sì máa ń ya fọ́tò rẹ́tínà àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún. Àwọn ará Yunifásítì Edinburgh àti Glasgow Caledonian ń kó fọ́tò wọ̀nyí jọ lábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní NeurEYE, kí wọ́n lè fi kọ́ AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan, láti máa dá àmì àìsàn ìgbàgbé mọ̀. Fọ́tò lásán ni, kì í ṣe OCT, nítorí náà òpó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò jù: bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe lọ́ tó, bó ṣe pẹ̀ka tó.

Kò tíì sí ilé ìwòsàn tó yẹ kó wo ojú nìkan kó ní ẹnì kan ti ní àìsàn ìgbàgbé. Fún àwa Yorùbá, ìdí tún pọ̀ sí i. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ogójì ọdún ló ní glaucoma, àrùn yẹn náà sì ń jẹ ìpele fọ́nrán kan náà. Ẹ wá fi ti Ìbàdàn kún un: nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2001, àwọn tí Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Yorùbá níbẹ̀, ó sì jẹ́ 2.52 láàárín àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis. Níbi tí glaucoma ti pọ̀ tí Alzheimer sì ṣọ̀wọ́n, àwọ̀ pupa lórí ìwé OCT ṣeé ṣe kó jẹ́ ti glaucoma ju ti ọpọlọ lọ. Ìfúnpá inú ojú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, kí wọ́n ṣe ìdánwò bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ tó, torí glaucoma ní ẹ̀kán oògùn tó ń dá a dúró, ojú tó bá sì ti bá a lọ kì í padà.