Ìdí Tí Ètò Alẹ́ Fi Ń Pẹ́ Lẹ́yìn Eré NFL

Ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Amẹ́ríkà gbà pé àìbìkítà ló ń mú kí ètò alẹ́ ọjọ́ Àìkú pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìṣirò lásán ni. Eré NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó gbẹ̀yìn ní ọ̀sán sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 4:25, ní àkókò ìhà ìlà-oòrùn. 60 ìṣẹ́jú ni eré fúnra rẹ̀, àmọ́ ìdádúró, ìsinmi àti ìpolówó máa ń fà á kọjá wákàtí mẹ́ta. Aago méje alẹ́ sì ni àyè ètò ìròyìn tí wọ́n ń pè ní 60 Minutes lórí tẹlifíṣọ̀n CBS láti ọjọ́ pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CBS ti ń fi í sí aago méje ààbọ̀ ní ọjọ́ tó bá ní irú eré bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rárá ni pípẹ́ ọ̀hún ti wà nílẹ̀.

Ẹsin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí eré bá fi ogún ìṣẹ́jú kọjá àkókò, ogún ìṣẹ́jú náà ni wọn yóò fi sún gbogbo ètò tó kù, títí kan ìròyìn aago mọ́kànlá. Wọn kì í fẹ́ gé ètò, nítorí ìpolówó tí wọ́n ti tà wà nínú rẹ̀. Fox, tẹlifíṣọ̀n mìíràn, gbọ́n jù wọ́n lọ: The OT, ìjíròrò lẹ́yìn eré, ni wọ́n fi ń dí àlàfo títí di aago mẹ́jọ. Bí eré bá pẹ́, ìjíròrò á kúrú. Bó bá tètè parí, á gùn. Irú ètò tó ń nà bíi rọ́bà báyìí ló yẹ kí gbogbo wọn ní. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, wàhálà yìí kò sí, torí ìrọ̀lẹ́ ni eré máa ń parí níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń ṣì sọ jù ni ìtàn ọjọ́ 17 oṣù November 1968. Ẹgbẹ́ Jets ń na ẹgbẹ́ Raiders, 32 sí 29, ó ku 65 ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n NBC gé eré náà ní aago méje láti gbé fíìmù Heidi jáde. Àwọn ará ìlà-oòrùn kò rí touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò) méjì tí Raiders fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré gbà, tí wọ́n sì fi borí, 43 sí 32. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá NBC kò ka bọ́ọ̀lù sí. Irọ́ ni! Àwọn ọ̀gá ti pinnu pé kí eré máa lọ títí yóò fi parí. Àṣẹ wọn ni kò dé yàrá tí wọ́n ti ń yí ètò padà, torí òǹwòran ti dí gbogbo ìlà tẹlifóònù pa: àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gé eré, àwọn mìíràn ń bèèrè bóyá Heidi yóò bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Àwọn tó ń pè nítorí eré wà lára àwọn tó dínà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, NBC fa ìlà tẹlifóònù kan lọ́tọ̀ wọ yàrá náà, tí kò bá ti àwọn òǹwòran pàdé níbì kankan.