Kí Ló Dé Tí Dúrọ́ọ̀mù Ajílẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Fi Ń Rùn?

Ìbéèrè: Ààtàn àtijọ́ máa ń jẹrà di ilẹ̀ dúdú tí tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì ń dá hù lórí rẹ̀. Èéṣe tí èèpo iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mò ń kó sínú dúrọ́ọ̀mù fi ń rùn, tó sì ń yọ ìdin?

Ìdáhùn: Àìsí afẹ́fẹ́ ló fà á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ èèpo di ajílẹ̀ ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Bí èèpo tútù bá lẹ̀ mọ́ra nínú ike tí kò níhò, àwọn mìíràn tí kò nílò afẹ́fẹ́ a gba ipò wọn, àwọn wọ̀nyí ló sì ń tú òórùn bí ti ẹyin tó bàjẹ́ jáde. Ẹ gé ìdí dúrọ́ọ̀mù náà kúrò, kí ẹ lu ihò yí i ká, kí ẹ sì gbé e lé ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, kí ekòló lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Bí eku bá pọ̀ ládùúgbò, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin sábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n máa kó sí i?

Ìdáhùn: Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Èèpo nìkan kò tó, nítorí pé omi àti náítírójìn, èròjà tí àwọn kòkòrò yìí fi ń dàgbà, ló pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kábọ́ònù, èròjà tó ń fún wọn lágbára, tó tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn ni wọ́n ń fẹ́, inú ohun gbígbẹ ló sì pọ̀ sí. Fún garawa èèpo kan, ẹ da garawa méjì ewé gbígbẹ, háríhá àgbàdo, páálí tí a ya wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlù lé e, kí ó bo èèpo náà mọ́lẹ̀ kí eṣinṣin má baà yé sí i. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i tí a ń finá sun ewé máńgòrò tí a gbá láàárọ̀, nítorí òun gan-an ni dúrọ́ọ̀mù tó ń rùn ń ṣàìní. Ẹran, ẹja àti ọbẹ̀ olépo kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ìbéèrè: Inú rẹ̀ gbóná. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Kò léwu rárá. Ooru ń jáde bí àwọn kòkòrò ti ń jẹun. Nínú òkìtì tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kan, ó lè dé 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó ń pa ìdin àti èso koríko. Dúrọ́ọ̀mù kékeré kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fún ẹ̀kúnwọ́ kan wò: bí omi bá kán ní ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó dára, bí ó bá ń ṣàn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un, bí ó bá ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, bí ó ti sábà ń rí nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sí i. Nígbà òjò, ẹ fi páànù dé e.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni mo lè lò ó?

Ìdáhùn: Láàárín oṣù 3 sí 6, nígbà tí ẹ kò bá dá èèpo kankan mọ̀ mọ́, tó sì ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dá kóró máńgòrò àti igi tí kò tíì jẹrà padà sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ sì po ìyókù mọ́ ilẹ̀ ebè ẹ̀fọ́.