Àga Kan ní Boston College: Láti Ọwọ́ Kelley Dé Ọwọ́ York

Ẹ dárúkọ Jerry York fún àwọn tó ń wo họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, iye ìgbà tó borí ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà fún yín: 1,123. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2022, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá họ́kì yunifásítì tó tíì ní tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àga akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston College tó jókòó lé dùn ún sọ̀rọ̀ nípa ju iye yẹn lọ, nítorí bí oyè ìdílé ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọdún 1932 ló ti bẹ̀rẹ̀. Boston College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Jésúìtì, ti pa ikọ̀ họ́kì rẹ̀ tì fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n tún gbé e dìde, John Kelley, tí gbogbo ayé ń pè ní Snooks, ni wọ́n fi ṣe olórí. Òun náà ti gbá họ́kì níbẹ̀ rí. Yàtọ̀ sí àwọn ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì gbé e lọ, kò kúrò títí di 1972. Kelley ní àgídí kan: bí àwọn mìíràn ṣe ń kó ọmọ Kánádà wọlé, ọmọ Amẹ́ríkà lòun ń wá, pàápàá àwọn ọmọ agbègbè Boston. Irú wọn ló kó lọ sí Colorado Springs ní 1949. Wọ́n na Dartmouth 4-3, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ NCAA, ìyẹn ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Òun náà ló kọ́kọ́ borí ní ìgbà 500 láàrin àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá họ́kì yunifásítì ní Amẹ́ríkà.

Len Ceglarski wà lára àwọn ọmọ 1949 yẹn. Ó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì 1952, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì Clarkson, ní àríwá ìpínlẹ̀ New York. Ibẹ̀ ni York ti wá ṣe igbákejì rẹ̀. Ọmọ Watertown, lẹ́bàá Boston, ni York, ó sì ti ṣe balógun ikọ̀ Kelley rí. Nígbà tí Kelley fẹ̀yìn tì, Ceglarski padà sílé wá jókòó sípò ọ̀gá rẹ̀, York sì gba Clarkson. Ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà náà.

Ní 1979 ó lọ sí Bowling Green ní Ohio, ó rọ́pò Ron Mason. Ìdíje àṣekágbá 1984 ní Lake Placid ló sọ ọ́ di olókìkí. Minnesota-Duluth ló ń ṣíwájú ní abala kẹta, tó jẹ́ abala ìkẹyìn. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méjì, ikọ̀ York ju rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì lọ sí ìdí pápá, aṣọ́lé Minnesota-Duluth jáde lọ pàdé rẹ̀, àfi bí rọ́bà ṣe ta lára ògiri, ó yà síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí, ó bọ́ síwájú àwọ̀n tó ṣófo. 4-4. Àfikún àkókò mẹ́rin ni wọ́n gbá kí Gino Cavallini ti Bowling Green tó gbá góòlù tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí oríire nínú iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ ní kó lọ wo rọ́bà yẹn.

Ceglarski kúrò ní Boston College ní 1992. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pe York wálé. Ife-ẹ̀yẹ ò tètè dé. Michigan fi àfikún àkókò gbà á lọ́wọ́ wọn ní àṣekágbá 1998, Maine dá wọn dúró ní 1999, North Dakota ní 2000. Ní 2001, àwọn mẹ́ta yìí gan-an ni wọ́n nà lọ́kọ̀ọ̀kan: Maine, lẹ́yìn náà Michigan, ní ìkẹyìn North Dakota, 3-2 ní àfikún àkókò. Ọdún 52 ti kọjá lẹ́yìn ife Kelley. Wọ́n tún gbà á ní 2008, 2010 àti 2012.

Ceglarski ló ní àkọsílẹ̀ ìborí tó pọ̀ jù, 673, nígbà tó fẹ̀yìn tì. Mason gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dé 924. York gbà á lọ́wọ́ Mason ní oṣù Kejìlá 2012. Greg Brown ló rọ́pò York: ó gbá họ́kì lábẹ́ Ceglarski, ó sì ti ṣe igbákejì York fún ọ̀pọ̀ ọdún.