Owó-orí ló bí òfin òwò aṣẹ́wó

Bí wọ́n bá ti ń jiyàn bóyá kí ìjọba fọwọ́ sí òwò aṣẹ́wó, wọ́n á ní ìwà rere àti òmìnira ló ń jà. N kò gbà. Ẹni tó bá tọ òfin yìí dé orísun, owó ló máa bá níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ orúkọ náà fúnra rẹ̀: aṣẹ́wó, ẹni tí ń ṣẹ́ owó. Pornē ni àwọn Gíríìkì ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún títa nǹkan. Meretrix ni ti Róòmù, ẹni tí ń gbowó iṣẹ́. Nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gba Aeschines, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní nǹkan bí ọdún 345 kí a tó bí Jésù, ó pe Timarchus, olóṣèlú kan, lẹ́jọ́ ní Athens pé ó ta ara rẹ̀. Ó ní àwọn agbèjà ọkùnrin náà yóò sọ pé ọdọọdún ni ìgbìmọ̀ ìlú ń ta ẹ̀tọ́ láti gba owó-orí aṣẹ́wó, àti pé àwọn tó rà á mọ gbogbo ẹni tó wà nínú òwò náà dájú. Aeschines kò sọ pé irọ́ ni. Lójú tèmi, owó-orí tí agbowó rẹ̀ mọ olúkúlùkù báyìí ti gbó gan-an kí ó tó dé iwájú ilé ẹjọ́. Òfin kò ka òwò náà léèwọ̀. Ọmọ onílùú tó bá ta ara rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ bá ìpàdé ìlú sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹrú lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ìwà rere tí wọ́n ń ṣọ́ kò kọjá iyì onílùú.

Àwọn kan ní Solon, aṣòfin Athens àtijọ́, ló dá ilé aṣẹ́wó sílẹ̀. Akéwì eré apanilẹ́rìn-ín ló sọ bẹ́ẹ̀, ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn Solon. Òfin Asíríà, ilẹ̀ ọba àtijọ́ kan, tó ní kí aṣẹ́wó má borí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ aṣọ nìyẹn.

Ní Róòmù, ọba Caligula bu owó-orí lé àwọn aṣẹ́wó. Àwọn ọba onígbàgbọ́ tó jẹ lẹ́yìn Constantine náà ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, títí ọba Anastasius fi fagi lé e ní 498 lẹ́yìn ìbí Jésù.

Ìyókù kò le. Ní 1864, Britain bẹ̀rẹ̀ sí í fipá yẹ ara àwọn obìnrin tí wọ́n fura sí pé aṣẹ́wó ni wò, nítorí àrùn ìbálòpọ̀ tó ń mú àwọn sójà. Josephine Butler, obìnrin kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, bèèrè ìdí tí wọn kò fi yẹ ọkùnrin wò, wọ́n sì pa òfin náà rẹ́ ní 1886. Ní 1999, Sweden dojú ìjà kọ ẹni tó ń sanwó, ó fi ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. Netherlands fọwọ́ sí ilé aṣẹ́wó ní 2000, Jámánì tẹ̀ lé e ní 2002. Òfin New Zealand ti 2003 ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: bí aṣẹ́wó tilẹ̀ ti bá oníbàárà ṣe àdéhùn, ó lè sọ pé òun kò ṣe mọ́.