Hemoglobin àti Jẹjẹrẹ Pánkíríásì: Èwo Ló Bí Èwo?

Ìbéèrè: Hemoglobin mi jẹ́ 10.8 nínú ìwé àyẹ̀wò. Mo wá kà pé jíìnì so hemoglobin pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ pánkíríásì. Ṣé mo ti wọ gàù nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Hemoglobin ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara; pánkíríásì ni ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn. Gbogbo ohun tí 10.8 ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó, èyí tó sì sábà ń fà á ni kí èròjà irin dín lára, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí wọ́n ń dárúkọ méjèèjì pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ yìí ń ṣe máa ń lọ sílẹ̀. Oúnjẹ kì í wọlé dáadáa mọ́, àìsàn náà kì í sì í jẹ́ kí ara rí irin lò. Àìsàn ló jẹ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló bí àìsàn.

Ìbéèrè: Báwo ni jíìnì ṣe lè la ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Jíìnì ni àbùdá tí a jogún lọ́wọ́ òbí; inú oyún la ti pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àìsàn tó dé lẹ́ni ọdún 65 kò lè padà lọ yí i. Tí hemoglobin bá ń fa jẹjẹrẹ lóòótọ́, ó yẹ kí ìyàtọ̀ nínú jẹjẹrẹ hàn láàárín àwọn tí jíìnì wọn gbé hemoglobin ga àti àwọn tí jíìnì wọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Orúkọ Mendel, baba ìmọ̀ àjogúnbá, ni wọ́n fi ń pe ọgbọ́n yìí.

Ibi tó ti ń dani láàmú ni pé jíìnì kan lè ṣiṣẹ́ méjì. Ẹ wo jíìnì ABO, tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹni jẹ́ A, B, AB tàbí O. Ṣúgà ló ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì: A lẹ tirẹ̀, B lẹ tirẹ̀, O ò lẹ nǹkan kan. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí rí i pé ewu jẹjẹrẹ pánkíríásì kéré díẹ̀ fún àwọn O. Jíìnì ABO kan náà ló tún ń yọjú nínú ìwádìí nípa hemoglobin. (Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.) Pé méjèèjì jáde láti ilé kan náà kò ní kí ọ̀kan jẹ́ bàbá èkejì.

Ìbéèrè: Ṣé kí n lọ yẹ jíìnì wò?

Ìdáhùn: Kì í ṣe tìtorí 10.8. Bí jẹjẹrẹ yìí bá ti ṣe òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ, ìyẹn yàtọ̀; àwọn jíìnì bíi BRCA2, PALB2, ATM àti CDKN2A ni wọn yóò wò. Ní báyìí, jẹ́ kí dókítà wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ń rù, tí ẹyinjú rẹ di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí àtọ̀gbẹ ṣàdédé dé lẹ́yìn ọdún 50, má jẹ́ kó di ọ̀la.