"Ó wà nínú ẹ̀ ni": ẹjọ́ tí à ń dá fún òṣèré tó mọ ìkà ṣe

Ẹ wo ìran kan báyìí: ọkùnrin fi ìrọ̀rí tẹ ìyàwó rẹ̀ pa, ó jókòó ti òkú náà, ó mú ọsàn, ó ń bó o. Ojú rẹ̀ ò mì. Kí ọsàn náà tó bó tán, ẹnì kan nínú àwa tí à ń wò ó á ti sọ ọ́: "Eléyìí kì í ṣeré o. Ó wà nínú ẹ̀ ni." Ẹlòmíràn á ní òun ò jẹ́ bá ẹni tó lè ṣe irú ojú yẹn sun ilé kan náà láéláé. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, ó sì dá mi lójú nígbà náà.

Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ní gbòǹgbò ni. Ní 1967, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wádìí ìwà ẹ̀dá, Edward Jones àti Victor Harris, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ kà lórí Fidel Castro, olórí ìjọba Cuba nígbà náà. Àròkọ kan gbè sẹ́yìn rẹ̀, òmíràn takò ó. Wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún díẹ̀ nínú àwọn òǹkàwé pé kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ ló yan ìhà tó gbè sí, wọ́n yàn án fún un ni. Síbẹ̀, àwọn òǹkàwé náà ṣì gbà pé ẹni tó kọ̀wé gbe Castro fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tó kọ̀wé takò ó lọ. Bẹ́ẹ̀, bébà lásán ni wọ́n rí o. Òṣèré ní ojú, ó ní ohùn, omijé ń dà lójú rẹ̀, a sì lè máa wò ó fún ọdún márùn-ún. Ta ló máa rántí pé ẹlòmíràn ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu?

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ya eré ná. Ìgbátí tó dún gbàá yẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kàn gba iwájú ojú kọjá ni, àlàfo wà láàárín wọn, kámẹ́rà sì dúró síbi tí a ò ti lè rí àlàfo náà. Ẹni tí wọ́n "gbá" ló fúnra rẹ̀ ju orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìró rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ mìíràn ni ẹnì kan jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ tó ṣe é. Irú wọn ló máa ń ṣẹ́ ewébẹ̀ sẹ́lérì sí méjì kí ó lè dún bí egungun. Ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ omi ṣúgà tó ki, tí wọ́n pa láró. Wọ́n sì lè ya ìran ikú lọ́jọ́ kìíní, kí ìgbéyàwó àwọn méjèèjì wá di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ìbínú tòótọ́ á tilẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Téèpù kékeré kan wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ òṣèré gbọ́dọ̀ dé gẹ́lẹ́. Bó bá fi ìṣísẹ̀ kan ṣì í, iná ò ní bá ojú rẹ̀ mọ́, àwòrán sì lè ṣe bàìbàì. Ọwọ́ tó fi mú ìrọ̀rí nígbà tí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ fi mú un nígbà tí wọ́n bá ń yà á láti iwájú. Ẹni tí inú ń bí kì í rántí téèpù. Ohun tí à ń pè ní ìkà lójú rẹ̀, ìfarabalẹ̀ ni.

Láti 2000 títí di 2006, Bryan Cranston, òṣèré Amẹ́ríkà kan, ṣe bàbá apanilẹ́rìn-ín nínú eré tẹlifíṣọ̀n Malcolm in the Middle. Ní 2008 ó bọ́ sínú eré mìíràn, Breaking Bad, ó di olùkọ́ tó ń se oògùn olóró, tó sì ń pààyàn. Èwo ló wá wà nínú rẹ̀? Ìkà nìkan la máa ń kà sí òṣèré lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ bá òṣèré tó ń ṣe dókítà.

Nínú eré yẹn kan náà, Anna Gunn ló ṣe Skyler, ìyàwó ọkùnrin náà. Ọkọ ń pààyàn, àmọ́ ìyàwó tó ní òun ò fara mọ́ ọn ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kórìíra. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, Gunn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Times pé ìkórìíra náà ti kúrò lára Skyler, ó ti dé ọ̀dọ̀ òun gan-an: ẹnì kan ń béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibi tí wọ́n ti lè rí òun kí ó lè pa òun. Ní ọdún yẹn ló gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ eré tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, fún ipa náà, ó sì tún gbà á ní 2014.

Mi ò ní ká má jiyàn o. Eré wà tí òkú obìnrin wà nínú rẹ̀ tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, tí a sì ń wo ara rẹ̀ títí. Ẹjọ́ gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ àti olùdarí tó ní kí kámẹ́rà dúró síbẹ̀ ló ni ín. Ẹni tó dùbúlẹ̀ bí òkú, èémí ló ń mú dání.

Ní ti ọsàn yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkẹsàn-án rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ìran yẹn yà, ọsàn tuntun ni, ibi kan náà ló sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.